Ẹni Tó Gbé E Wá Ni Kó Kọ́kọ́ Mu

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta

Àbúrò mi Alágídí,

Mo kí ọ bí a ti ń kí ẹni tí kì í dáhùn. Ṣé o jí? Ṣé ara le? Bí o bá ní dáadáa lo wà, irọ́ lo pa, nítorí àwòrán rẹ ti dé ọwọ́ mi.

Ọmọ rẹ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló fi í ránṣẹ́. Má bá a jà, èmi ni mo ní kó yà á. Mo gbé e fún àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì mi pé kí wọ́n bá mi wò ó. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé bàbá wa àgbẹ̀ tó ti kú nìyí. Mo ní rárá, àbúrò mi tó wà láàyè ni. Ó ní kí n má bínú. Ọrùn rẹ ti dà bí ọrùn adìẹ tí òjò pa. Okùn lo fi so ṣòkòtò mọ́dìí. Ṣé okùn ni àwọn àgbà ń wọ̀ níbẹ̀ ni?

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ ti jáde láyé, tí ọmọ rẹ sì wá mú ọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lókè òkun, orin kan náà ni gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ń kọ sí mi létí: Bàbá ò jẹun. Ọmọ náà ń se ìrẹsì, ó ń se ẹ̀wà, ó ń gbé e sínú fíríìjì láfẹ̀mọ́júmọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ á máa wò ó, ìwọ náà á máa wò ó. Ó ní búrẹ́dì gbígbẹ àti omi ẹ̀rọ lo fi ń gbé ẹ̀mí ró. Mo bi ọ́ pé kí ló dé, o ní kò sí nǹkan. Kò-sí-nǹkan yẹn ló ń pa àgbà.

Nítorí náà, gbọ́. Àna wa tó ń ta irin ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù Karùn-ún láti ra ọjà. Mo ti bá a sọ ọ́. Bó bá bá egungun nílé, kó dì í mọ́ ẹrù rẹ̀ kó gbé e wá fún mi. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ wá. O ti sọ pé ilé tí ìyàwó rẹ kò sí mọ́, ẹsẹ̀ rẹ kọ̀ láti wọ̀ ọ́, àti pé ọmọ rẹ kò ní ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹun, ọjọ́ mélòó ló fẹ́ bá ọmọ gbé? Jẹun, tàbí kí o palẹ̀ mọ́. Fèsì kíákíá.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ oníbúrẹ́dì.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹta

Àbúrò mi,

N kò gbọ́ ohùn rẹ. Ṣé ìbínú ni, àbí o ò lágbára mọ́ láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá ọ kọ ọ́? Bó bá jẹ́ ìbínú, o kú iṣẹ́, máa bá a lọ. Bó bá jẹ́ èkejì, kí ọmọ rẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré kí n lè rí oorun sùn. Búrẹ́dì ti jóná mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí rẹ, àwọn oníbàárà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mò ń ṣàìsàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí dàgbà,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Òótọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi rí mi. Ilé rẹ̀ kò gùn tó mi, orí mi wà ní pálọ̀, ẹsẹ̀ mi wà ní ilé ìdáná. Ẹ kú iṣẹ́ iná, ẹ kú ìfaradà àwọn oníbàárà.

Ẹ má jẹ́ kí búrẹ́dì jóná mọ́. Mo ti jẹun. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ọmọ yìí ń rẹ́rìn-ín, kò jọ pé ó kọ ọ́ dáadáa: mo ti jẹun, Ẹ̀gbọ́n. Mo jẹun títí okùn ṣòkòtò fi já.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Níbi iṣẹ́ ọmọ mi, wọ́n fún àwọn awakọ̀ ní ìwé ìwọlé sí ibi àfihàn oúnjẹ àti ọtí kan. Mo ní n kò lọ. Mo ní ẹni tí kò jẹ tilé, kí ló fẹ́ lọ jẹ níta? Ó ní kí n kàn bá òun gbé àpò. Àpò ni mo gbé lọ.

Gbọ̀ngàn náà ga débi pé ẹyẹ ń fò nínú rẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun wà nínú ilé. Bí a ṣe wọlé ni òórùn dì mọ́ mi bí àna tí a kò rí tipẹ́. Tábìlì lọ súà, ènìyàn kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́yìn tábìlì tirẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, wọ́n ń fi igi ìtayín na oúnjẹ sí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Mo bi ọmọ mi pé ta ló ń ṣe ìnáwó. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Mo ní kò ṣeé ṣe, oúnjẹ tó pọ̀ tó yìí gbọ́dọ̀ ní olówó rẹ̀, a kò sì lè jẹ ẹ́ láìkí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú, kò jẹ, kò mu, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ti náwó tó ń rò ó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún un, mo ní ọmọ rẹ̀ náà yóò ṣe é fún un. Ó ń mi orí ṣáá. Ọmọ mi fà mí kúrò níbẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni.

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn tó ń ta nǹkan ló ń fún èèyàn tọ́ wò kó lè rà á. Mo ní ó dára.

Ẹni tó kọ́kọ́ na nǹkan sí mi ni oníwàràkàṣì. Ẹ̀gbọ́n, wàrà tó dì bí ọṣẹ ni, ó sì ti bu, ó bu débi pé ara rẹ̀ ń ṣe búlúù. Bí irú rẹ̀ bá wà lára búrẹ́dì yín, ẹ ó lé ọmọ iṣẹ́ jáde. Mo wo nǹkan náà, mo wo ojú ọkùnrin náà. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún un pé ẹni tó gbé e wá ni kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́.

Ọmọ mi ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dójú ti òun. Mo ní kó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kékeré. Ọkùnrin náà gé tirẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì ya ẹnu kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà náà ni mo gba tèmi. Ó rùn bí ìbọ̀sẹ̀ awakọ̀. (Bàbá ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ mi kì í rùn.) Ṣùgbọ́n nígbà tó rùn tán, ó dùn. Ó dùn, Ẹ̀gbọ́n, adùn náà gba imú jáde. Mo ní kó tún gé e.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ṣí. A dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja tó ń fi èéfín yan ẹja, ó kọ́kọ́ jẹ, mo jẹ. Olóyin kọ́kọ́ lá, mo lá. Ẹnì kan ń ta òróró inú èso kan tí n kò mọ̀, ó da á sí búrẹ́dì, ó jẹ tirẹ̀, ó fún mi ní tèmi. Oníṣokoléètì ní òun ò jẹ ṣúgà, dókítà ti kà á léèwọ̀ fún òun, mo ní kó pe ìyàwó rẹ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ wá, ó jẹ ẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọkọ òun kì í jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa. Bí mo bá dúró síbì kan, wọ́n á dúró. Bí ẹni tó ń tà á bá jẹ ẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á sì rà á. Àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn ń juwọ́ sí mi pé kí n má gbàgbé àwọn.

A wá dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́tí kan, ẹgbẹ́ mi ni, irun rẹ̀ funfun. Ó ń bu ọtí èso àjàrà sínú ife ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín. Àwọn tó gbà á ń yí i kiri ẹnu bí ẹni ń fọ eyín, wọ́n á sì tu ú sínú garawa níwájú obìnrin náà. Mo bá ọ̀kan nínú wọn wí, ọkùnrin kan tó so táì. Mo ní ìyá tó bí ọ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í tutọ́ síwájú ẹni tó fúnni lóhun mímu. Ọmọ mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí wọ́n má bàa yó. Mo ní ẹni tí kò fẹ́ yó, kí ló wá wá dé ìdí ọtí?

Ìyá náà bèèrè ohun tí mo wí. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni, ó ní láti àárọ̀ ni òun fúnra òun ti ń tu ú, ọtí oko òun, òun kò tíì gbé ẹ̀kán kan mì. Mo ní ẹni tó tọ́ nǹkan wò tí kò gbé e mì, kò tọ́ ọ wò, ó kàn fi ẹnu kí i ni. Mo ní bí kò bá ní mu, èmi náà kò ní mu.

Ó mu, mo mu. Ó bu funfun, ó mu, mo mu. Ó bu pupa, ó mu, mo mu. Nígbà tí a fi dé orí èyí tó ń hó bí ọṣẹ, ó ti bọ́ bàtà. Nígbà tí a dé orí aládùn, ó ń kọrin, ọkùnrin onítáì náà ń gbè é, ẹnì kankan kò sì tu nǹkan sí garawa mọ́. Wọ́n ra gbogbo ọtí rẹ̀ tán. Ó dì mọ́ mi, ó ní òun ti ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún, òní ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ọtí òun ṣe dùn.

Ọmọ mi jókòó tì mí lórí àpótí ọtí tó ti ṣófo. Òun kò mu, awakọ̀ ni. Ó ní, “Bàbá, ṣé ìdí tí ẹ ò fi jẹ oúnjẹ mi nìyí? Ẹ rò pé mo lè fi májèlé sí i?”

Mo ní rárá. Mo ní, “Ìyá rẹ kò gbé abọ́ síwájú mi rí kó má kọ́kọ́ bù ú sẹ́nu. Ìwọ, wàá gbé e sínú àpótí tútù, wàá sì lọ.”

Ó ní, “Ẹ ò bá ti sọ.”

Mo ní ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ kì í ṣe ohun tí bàbá ń tọrọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá wa kò jẹ ohun tí ìyá wa kò kọ́kọ́ tọ́ wò, nítorí àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ta kì í ṣàìní ọ̀tá. Ohun tí mo bá nínú ilé ni mo mú dàgbà. N kò sì lè torí fíríìjì sọ ọ́ nù.

Ẹ sọ fún àna wa kó ra irin ọkọ̀ rẹ̀ kó máa lọ sílé. Egungun tó fẹ́ wá dì ti ń lẹ́ran lára. Ìyá ọlọ́tí ní kí n kí yín. Ó ti gba àdírẹ́sì, ó ní òun ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ ìsinmi.

Èmi àbúrò yín tó yó.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Ìwọ ọkùnrin yìí,

N kò tíì kí ọ. Bí àyè bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìwé, n ó kí ọ níbẹ̀.

Nínú ilé tí wọ́n ti bí wa, obìnrin tó ń tọ́ nǹkan wò fún ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ ni. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ báyìí: obìnrin kan mu, o mu, ó tún mu, o tún mu, ó bọ́ bàtà, ó kọrin, ó dì mọ́ ọ níwájú àwùjọ, ó kí mi, ó ń bọ̀ wá kí yín. Èwo ló kù nínú ìgbéyàwó tí ẹ kò ṣe? Mo ti ka lẹ́tà náà fún àwọn àgbà ilé. Àwọn tó ní o yára jù, mo dá wọn lóhùn. Àwọn tó ń bi mí pé kí ni àwọn ará ilé ìyàwó ń gbà, mo ní kí wọ́n dúró de lẹ́tà rẹ. Bàbá wa kékeré ti ń bèèrè bóyá ọtí náà lè dé ọ̀dọ̀ wa láìfọ́.

Ọ̀rọ̀ májèlé wá ńkọ́? Ọ̀tá wo ni Bàbá wa ní? O kéré nígbà náà, èmi ni mo wà ní ìdí ààrò. Ìkánjú ló ń bá Bàbá jà. Bó bá ti oko dé, á gbé ọbẹ̀ tó ń hó sẹ́nu, ahọ́n rẹ̀ á bó, kò sì ní lè sọ̀rọ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ìyá wa ní òun kò fẹ́ odi, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni òun fẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ti tutù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ tí oúnjẹ rẹ wà nínú fíríìjì, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ tọ́ wò nínú rẹ̀?

Lẹ́tà rẹ pẹ́ lọ́nà. Àna wa ti san owó ọkọ̀ òfurufú oṣù Karùn-ún, n kò sì lè ní kó má wá mọ́. N kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gbọ́ pé ara rẹ ti ń bọ̀ sípò; ẹni tó mu ọtí tó tó yẹn, ojú rẹ̀ kò lè rí ara rẹ̀ dáadáa. Ṣòkòtò kan wà lọ́wọ́ àna wa, mo ní kí télọ̀ rán an sí ìdí tí o gbé kúrò nílé. Kò ní okùn, kò sì ní ibi tí a ń ki ìgbànú bọ̀. Wọ̀ ọ́ níwájú rẹ̀, kí o sì rìn. Bí ṣòkòtò bá dúró, kí o dúró. Bó bá já bọ́, máa bọ̀ nílé. Mo ti jẹ́ kó búra.

Àyè ṣẹ́ kù. Mo kí ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Bí ẹ bá gbúròó “gbì” lókèèrè, èmi ni mo ń dọ̀bálẹ̀. Ó ti ń ni mí lára díẹ̀ láti dìde, ikùn ló fà á.

Ẹ bá mi bẹ àwọn àgbà ilé kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀. Ìyá ọlọ́tí wá lóòótọ́, òun àti ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń ro oko àjàrà náà. Èmi àti ọ̀gbẹ́ni náà fi ọwọ́ júwe oko fún ara wa títí ilẹ̀ fi ṣú, òun náà sì kọ́kọ́ mu kó tó bu fún mi, nítorí ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. N kò fẹ́ ìyàwó. Ẹ sọ fún Bàbá wa kékeré pé ọtí náà á fọ́ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ ahọ́n Bàbá, mo gbọ́ ọ, n kò gbà á. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, oúnjẹ tútù náà ní ewu tirẹ̀, ó ń ta eyín.

Àna wa dé. Kò mu omi, kò jókòó, ṣòkòtò ló kọ́kọ́ yọ. Ó ní òun ti búra fún yín, òun sì ń bẹ̀rù yín ju bí òun ṣe ń bẹ̀rù mi lọ. Mo wọ̀ ọ́. Mo rìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, ó dúró. Àna wa wò mí yíká, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹ ikùn tí ẹ fi èémí fẹ́ yẹn.” Ẹ̀gbọ́n, mo ti fẹ́ ikùn. Mo dẹ̀ ẹ́. Ṣòkòtò náà rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé eegun ìbàdí, ó ń rò ó. Ọmọ mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Àna wa ti ń wo ibi tí àpò mi wà.

Ọmọ mi bá wọ ilé ìdáná. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà jáde, ó jókòó síwájú mi, ó bù ú sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó ní, “Bàbá mi kò tíì jẹun àárọ̀. Ẹ kò lè fi ẹni tí kò tíì jẹun dán ṣòkòtò wò.” Ó gbé abọ́ náà fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kó tún bù ú wá. Ó tún kọ́kọ́ jẹ, mo tún jẹ. Nígbà tí mo dìde, àna wa ní kí n fò. Mo fò. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo sọ̀ kalẹ̀. Ará ilé kejì ṣílẹ̀kùn wò wá, ó tún un tì. Ṣòkòtò kò mira. Nígbà tí mo fẹ́ bọ́ ọ lálẹ́ ni iṣẹ́ wá dé, àna wa àti ọmọ mi ló bá mi fà á.

Nítorí náà, mo dúró. Lójoojúmọ́ báyìí, kí ọmọ mi tó lọ gbé bọ́ọ̀sì, á gbé oúnjẹ kaná, á wọ aṣọ iṣẹ́, á jókòó síwájú mi pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Á kọ́kọ́ jẹ, èmi á jẹ. N kì í gbà kó fi ṣíbí kan péré tọ́ ọ wò. Èèyàn kì í fi ṣíbí kan mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ abọ́.

Àna wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú irin ọkọ̀ rẹ̀ nìkan. Ẹ má bá a jà. Ó yẹ̀ mí wò dáadáa.

Èmi ni, àbúrò yín Alágídí, tó dúró.

Màmá mi oníbúrẹ́dì, èmi awakọ̀ ni mo ń kọ ìyókù yìí, Bàbá kò mọ̀wé kà, wọn kò sì mọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún yín. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eléyìí, n kì í jẹ nǹkan kan títí di ọ̀sán, ebi ni mo fi ń wa bọ́ọ̀sì. Ní báyìí, bí mo bá ní mo ti tọ́ ọ wò tó, wọ́n á ní kò tíì dájú, kí n tún bù ú. Ìdajì abọ́ ló ń dájú fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ mi já, ó fò lu dígí iwájú ọkọ̀, gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wa pè mí sí kọ̀rọ̀, ó rọra bi mí bóyá oyún ni. Mo ní rárá, bàbá mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé kí wọ́n dín in kù. Wọ́n jókòó síwájú mi báyìí, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí orúkọ wọn tí mò ń kọ sísàlẹ̀ ìwé fi gùn tó báyìí lónìí. Mo ní ìkíni ni mò ń fi sí i.